Ewé Ni Agbára Júnípà: Àlàyé fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Bọ́ńsáì

Igi júnípà máa ń kú kí ewé rẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú ìkòkò kékeré, tó gbé e sórí tábìlì pálọ̀ nítorí pé ó wù ú, lè máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti kú pátápátá. Ewé náà á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá máa fi ṣá, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ èyí fún oníbàárà, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ ló ti torí ẹ̀ gbà pé ọwọ́ àwọn kò dára fún igi, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé e sí ló pa á. Ìta ni júnípà ń gbé. Ó fẹ́ oòrùn tààrà fún wákàtí 4 sí 6 lójúmọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn lára, ó sì fẹ́ òtútù. Ìgbà òtútù ni ìgbà ìsinmi rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìsinmi yẹn dù ú, agbára rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn títí yóò fi tán.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Èkó kò fi ní rí júnípà gbé ṣe. Ooru ibẹ̀ kò ní jẹ́ kó sinmi. Igi ọdán tó ń ṣíji bo ọjà ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí ìdílé ọdán wà lára àwọn igi tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ńsáì jù lọ ní ilẹ̀ olóoru, ó sì máa ń rúwé padà lára ẹ̀ka tí wọ́n gé ní ìhòòhò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìhòòhò yẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀. Júnípà tí mò ń sọ yìí wà fún ẹni tó ń gbé ibi tí òtútù ti ń mú dáadáa lọ́dọọdún: àwa tí a wà ní ilẹ̀ Britain, àti àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọ́n ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé tàbí ní bákónì tí oòrùn ń dé.

Bọ́ńsáì jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí àwọn ará Jàpáánù kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n sì sọ di tiwọn: kí a gbin igi sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí a máa tọ́ ọ títí yóò fi ní ìrísí igi àgbà tójú rẹ̀ ti rí nǹkan. Kì í ṣe ẹ̀yà igi aràrá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ń mú un kéré. Nígbà tí ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ọdún 1923 ba Tokyo jẹ́, àwọn kan nínú àwọn àgbà oníbọ́ńsáì kó kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dá abúlé tiwọn sílẹ̀ ní Ōmiya ní ọdún 1925. Òfin tí wọ́n ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ bá wọn gbé dùn mọ́ mi nínú: kó ní bọ́ńsáì tó tó 10 ó kéré tán, kó ṣílẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ fún àlejò, kó fi igi gbígbìn ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká, kó má sì kọ́ ilé alájà. Ẹni tó bá mọ bí igi ṣe nílò oòrùn tó kò ní bèèrè ìdí òfin tó gbẹ̀yìn yẹn. Abúlé náà ṣì wà nínú ìlú Saitama títí dòní, àlejò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Láàárín gbogbo igi tí wọ́n ń lò, júnípà ní ipò tirẹ̀ nítorí òkè tó ti wá. Ní agbègbè Itoigawa, ní ìpínlẹ̀ Niigata ní Jàpáánù, júnípà tí wọ́n ń pè ní shimpaku máa ń hù lára àpáta gíga tí ẹsẹ̀ kò gbà. Ní ayé ijọ́un, okùn ni àwọn tó ń wá a kiri fi ń so ara wọn rọ̀ kí ọwọ́ wọn tó tó o. Yìnyín á ti fọ́ ẹ̀ka rẹ̀, òkúta tó ń já bọ́ á ti bó èèpo rẹ̀, ìjì á sì ti fẹ́ ibi tó bó náà títí yóò fi funfun. Síbẹ̀ ìlà èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ṣì wà láàyè, á lọ́ mọ́ igi tó ti kú náà láti gbòǹgbò dé òkè, á sì máa gbé omi lọ fún ewé tó ṣẹ́ kù. Òkú àti alààyè lára igi kan ṣoṣo: ìrísí yìí ni oníjúnípà ń wá. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè fojú ara rẹ̀ rí i ní Washington, ní mùsíọ́mù bọ́ńsáì tó wà nínú National Arboretum. Ibẹ̀ ni Goshin wà, igbó kékeré onígi 11, júnípà ni gbogbo wọn, nínú abọ́ kan ṣoṣo. John Naka, ọ̀gá tó kọ́ ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà níṣẹ́ yìí, ló ṣe é, tó sì fi ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1984. Igi kọ̀ọ̀kan dúró fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo àwọn ẹ̀ka tó ti kú tí wọ́n funfun lára igi wọ̀nyẹn, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń mú kí ewé tó wà láàyè tàn sí i.

Bó bá di ọ̀rọ̀ rírà, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti rẹ́ mọ́lẹ̀ sínú abọ́ kékeré, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Òkúta yẹn kì í jẹ́ kí omi wọlé bó ṣe yẹ, ẹni tó gé e sì ti ṣe gbogbo ìpinnu tó dùn jù nínú iṣẹ́ náà fún yín. Ẹ lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta òdòdó àti igi ẹ̀ṣọ́, kí ẹ wá júnípà jágbajàgba kan nínú ike dúdú, olówó pọ́ọ́kú. Èyí tí wọ́n ń pè ní procumbens ‘Nana’ wọ́pọ̀, ó sì lágbára. Ó máa ń fà lórí ilẹ̀ ni, ewé rẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ kéékèèké tó ń gún ni lọ́wọ́. Shimpaku wọ́n jù ú lọ. Ewé tirẹ̀ jẹ́ ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọ̀mùnú, tó sì rọ̀ lọ́wọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ n kò ní sọ pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fi owó ńlá ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ewé tó pọ̀ tàn yín jẹ nígbà tí ẹ bá ń yàn. Ẹ̀ka ṣeé tọ́ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìtì tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìkòkò lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó nípọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ewé sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ fi ìka hú iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò nídìí igi náà títí ẹ ó fi kan gbòǹgbò tó ki. Ìdí tó nípọn ju òkè lọ lẹ ń wá, àti ìtì tó yí díẹ̀ kó tó gòkè. Ohun kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í wò: ẹ wò ó bóyá ewé wà nítòsí ìtì, kì í ṣe ní ṣóńṣó ẹ̀ka nìkan. Bí inú igi náà bá ti ṣófo, tí gbogbo ewé rẹ̀ ti kó lọ sóde, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nílé kò fẹ́ irinṣẹ́. Ẹ gbé igi náà sórí nǹkan tó ga dé ọ̀gangan ojú yín, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bọ́ńsáì ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ ó sì pinnu èwo ni iwájú. Ẹ wá ojú ibi tí gbòǹgbò ti tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, tí yíyí ìtì ti hàn, tí kò sí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kankan tó nà ṣàkó sójú ẹni tó ń wò ó. Kí orí igi náà rọra tẹ̀ síwájú, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá bi ara yín irú igi tó fẹ́ jẹ́. Èyí tó nàró àmọ́ tó ń yí lọ yí bọ̀ bó ṣe ń gòkè ni wọ́n ń pè ní moyogi, ó sì bá ọ̀pọ̀ júnípà ike dúdú mu. Èyí tó dorí kodò kọjá etí abọ́, bíi ti igi tó hù lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ni kengai. Procumbens tí fífà ti mọ́ lára máa ń gbà láti ṣe é láìsí wàhálà. Ẹ má fipá sọ igi tó fẹ́ fà di igi tó nàró ṣánṣán. Ìjà tí kò ní tán nìyẹn, igi náà kò sì ní rẹwà tó bó ṣe yẹ kó rẹwà.

Kí ẹ tó gé ẹ̀ka kan, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wo igi náà bíi pé ẹ̀ka yẹn ti lọ. Ẹ so òwú pupa mọ́ àwọn tó máa dúró. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á ti máa yún yín láti gé nǹkan, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ya júnípà sọ́tọ̀ tó fi yẹ kí ẹ rọra.

Igi tó ń wọ́wé, irú bíi maple, máa ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtì rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Bí ẹ bá gé e mọ́lẹ̀, ó ní ohun tó máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Inú ewé ni júnípà ń kó púpọ̀ nínú tirẹ̀ sí. Ewé tí ẹ bá gé dànù, oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀ àti èyí tí ì bá tún pèsè ló bá a lọ. Ewé yìí kan náà ló ń fa omi láti gbòǹgbò wá sókè, nítorí náà bí ó bá dín kù lójijì, iṣẹ́ gbòǹgbò náà á dín kù, iyẹ̀pẹ̀ á tutù pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀ka tí kò bá ní ewé kankan mọ́ kò ní rúwé, á kàn gbẹ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìhòòhò ti wúlò rèé. Ọdán tí wọ́n gé ní ìhòòhò á yọ ọ̀mùnú. Ẹ̀ka júnípà tí wọ́n gé ní ìhòòhò ti tán. Bí igi náà bá le koko, ẹ má mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀gá wà tó ń mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ fún igi yẹn ní agbára kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àlùmọ́gàjí tó mú, tó sì mọ́, ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tó ti kú lẹ ó kọ́kọ́ kó kúrò: ewé gbígbẹ inú, ẹ̀ka kéékèèké tó ti gan, pàǹtí tó há síbi tí ẹ̀ka ti pín. Èyí kò ná igi náà ní nǹkan kan, ojú yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà tí ìtì gbà. Ẹ wá kọjú sí ọ̀mùnú tó hù ní igun ibi tí ẹ̀ka ti yà kúrò lára ìtì, àti gbogbo èyí tó ń dorí kọlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka. Àwọn ti abẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi kú fúnra wọn. Bí wọ́n bá kúrò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ka á mọ́, ìpele ewé kan á yàtọ̀ sí ìkejì, igi tó dà bí igbó látàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ àgbà. Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Òórùn kan á sì ti gba ọwọ́ yín nígbà náà. Bí ó bá rán yín létí jíìnì òde ìnáwó, ẹ kò ṣì í mọ̀, nítorí èso ìbátan igi yìí kan ni wọ́n fi ń fún jíìnì ní òórùn rẹ̀.

Níbi tí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti jáde lójú kan náà, ẹ yan méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ á wú, wíwú náà kì í sì í lọ mọ́. Bí ẹ̀ka kan bá wà lókè ìkejì gẹ́lẹ́ tó ń ṣíji bò ó, ọ̀kan ní láti lọ, àfi bí wáyà bá lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ka tó gùn jù, ẹ tọ̀ ọ́ wọlé láti ṣóńṣó títí ẹ ó fi rí ọ̀mùnú kékeré kan tó sún mọ́ ìtì. Iwájú ọ̀mùnú yẹn lẹ ó gé e sí, kí òun lè di ṣóńṣó tuntun.

Àwọn ọ̀mùnú kéékèèké inú wọ̀nyẹn ni kí ẹ dáàbò bò jù lọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni júnípà ń sáré lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ewé òde á di ìbòrí fún ti inú, ti inú á kú, ewé á sì máa jìnnà sí ìtì lọ́dọọdún. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ tán, kò sí ibi tí ẹ lè gé e sí tí kò ní jẹ́ ìhòòhò. Ohun tí akọ́ṣẹ́ sì máa ń ṣe jù nìyí: á nu inú ẹ̀ka mọ́ tónítóní, á wá fi ìdì ewé kan ṣoṣo sílẹ̀ lóde. Ó máa ń wuni lọ́jọ́ náà, ó sì máa ń rọrùn láti fi wáyà lọ́. Àmọ́ ẹ̀ka gbọọrọ tí kò ṣeé dá kúrú mọ́ ni yóò kù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Òde ni kí ẹ máa dín kù, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé inú. Orí igi ló sì lágbára jù, nítorí náà òkè lẹ ó gé jù, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí agbára wọn kò tó bẹ́ẹ̀ máa dàgbà.

Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ní kí a máa fi èékánná já gbogbo ṣóńṣó ewé júnípà káàkiri. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ṣóńṣó ni igi fi ń dàgbà; bí wọ́n bá ń já gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo, àárẹ̀ ni wọ́n ń kó bá a. Ẹ jẹ́ kí ọ̀mùnú gùn díẹ̀, kí ẹ wá fi àlùmọ́gàjí gé kìkì èyí tó yọ kọjá ìrísí tí ẹ fẹ́, ní ibi tó ti di igi, láàárín ewé. Bí ẹ bá rẹ́ ojú ewé tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ igi ọgbà ilé, gbogbo ẹnu ibi tí àlùmọ́gàjí gbà á pọ́n, á gbẹ. Shimpaku tiẹ̀ tún ní èsì tirẹ̀: bí wọ́n bá gé e jù, ewé ìpẹ́ á dáwọ́ dúró, ewé abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi igi náà sílẹ̀ kó sinmi. Ìpẹ́ á padà, ṣùgbọ́n ó lè gba ju ọdún kan lọ.

Wáyà ló kàn. Ẹni tó bá ti wo ìyá onídìrí tó ń fi òwú dúdú di irun ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tán: òwú náà ló ń jẹ́ kí irun tó rọ̀ dúró síbi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òwú irun máa ń sún mọ́ra títí kò fi ní sí àlàfo, ti igi sì máa ń ní àlàfo, á máa lọ́ gòkè ní ìdagun tó tó dígírì 45. Wáyà alumíníọ́mù ni kí akọ́ṣẹ́ rà. Ti bàbà lágbára jù ú lọ, àmọ́ ó máa ń le sí i bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba àtúnṣe. Kí wáyà nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka: ẹ̀ka mílímítà 6, wáyà mílímítà 2. Kí ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta gùn ju ẹ̀ka lọ, nítorí lílọ́ máa ń jẹ ẹ́.

Wáyà kan á mú ẹ̀ka méjì tó súnmọ́ra. Ẹ gbé àárín rẹ̀ sẹ́yìn ìtì, kó yí ìtì po ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí apá kan lọ sára ẹ̀ka yìí, kí apá kejì lọ sára ìyẹn. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á wá di èkejì mú. Wáyà tí kò níbi tó dì mú kò lè dá ẹ̀ka dúró, yíyí ni yóò máa yí. Bí ẹ bá ti ń lọ́ ọ, kí ìka ọwọ́ òsì di ibi tó ti lẹ̀ mọ́ igi mú ṣinṣin, kí ọwọ́ ọ̀tún máa gbé e lọ síwájú. Kí ọwọ́ òsì tún sún tẹ̀ lé e. Ẹ má fà á le débi tí á fi wọ èèpo, ẹ má sì jẹ́ kó ṣí kúrò lára. Bí ẹ bá kan ewé, ẹ dúró, ẹ fi orí ìka yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wáyà kọjá láàárín rẹ̀. Ewé tí wáyà bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ á kú, ẹ̀ka náà á sì pá níbẹ̀.

Títẹ̀ ló gba sùúrù jù. Ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì ti inú ibi tí ẹ̀ka máa yí sí, kí ìka ìyókù fà á wá láti ẹ̀yìn, kí wáyà sì wà ní ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an, nítorí ẹ̀yìn ló ń fà tó fi ń fàya. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “kẹ̀”, ẹ dáwọ́ dúró síbi tí ẹ dé. Ẹ má ṣẹ́ ẹ dànù. Ẹ fi okùn ráfíà dì í yípo pinpin, bí èèpo rẹ̀ kò bá já tán, ó lè jinná.

Ìsàlẹ̀ ni a sábà máa ń tẹ̀ ẹ̀ka sí, ó sì nídìí. Ẹ̀ka igi ọ̀dọ́ máa ń nà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ti igi tó ti gbé ẹrù yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkè á ti wálẹ̀. Ibi tí ẹ̀ka ti jáde lára ìtì gan-an ló yẹ kí títẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ẹ̀ka ló ti tẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni. Kí ṣóńṣó rẹ̀ wá gbéra díẹ̀ sókè, kí àwọn ẹ̀tun rẹ̀ tẹ́ sọ́tùn-ún sósì tí ọ̀kan kò fi ní bo ìkejì. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ló ń gùn jù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa kúrú sí i dé òkè, kí àlàfo sì wà láàárín ìpele kan àti ìkejì tí ojú lè gbà rí ìtì.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka tí ẹ kò fẹ́ ló yẹ kí ẹ gé dé ìdí. Ẹ fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀n ìka kan tàbí méjì, kí ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ka òkú tí àwọn ará Jàpáánù ń pè ní jin. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé èèpo rẹ̀ yípo nídìí, kí bíbó má bàa kọjá sára ìtì. Ẹ fi pílíásì tẹ̀ ẹ́ kó fọ́, èèpo á sì ṣí wá. Ẹ tún fi ẹnu pílíásì yẹn mú ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ máa fa fọ́nrán igi náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó lè jọ èyí tí ìjì ṣẹ́, kó má jọ èyí tí ayùn gé. Bó bá gbẹ dáadáa, wọ́n máa ń kun ún ní oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní lime sulphur, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi ọsàn, tó sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Bó ṣe ń gbẹ ló ń funfun, kì í sì í jẹ́ kí igi náà tètè jẹrà. Ìta ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ dáàbò bo ojú yín, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo iyẹ̀pẹ̀ kó má bàa kán sí gbòǹgbò. Ní ti bíbó èèpo lára ìtì fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní shari, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Gbòǹgbò kan pàtó ló ń gbé omi fún ẹ̀ka kan pàtó, ojú ìlà kan náà lára ìtì ni omi náà ń gbà, ẹni tí kò bá tíì mọ ojú ìlà yẹn lè fi ọ̀bẹ kan pa ẹ̀ka tó dára jù.

Ìparí ìgbà òtútù, kí ìrúwé tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, dára fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí igi bá ń dàgbà lákọ lákọ ní ìgbà ìrúwé, èèpo kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, títẹ̀ tó le sì lè ṣí i kúrò lára igi. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán gangan àti atẹ́gùn líle kò ti ní bá a fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kí ẹ máa fi omi wọ́n ewé rẹ̀. Ẹ má ṣe pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ní sáà yìí kan náà. Igi tí wọ́n dín ewé rẹ̀ kù lónìí, tí wọ́n tún gé gbòǹgbò rẹ̀ lọ́la, kò ní ibi tó máa gbára lé.

Ní ti omi, ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Bí òkè rẹ̀ bá ti ń gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa jáde nídìí ìkòkò. Bó bá ṣì tutù, ẹ kọjá lọ. Ẹ ṣọ́ iyẹ̀pẹ̀ ike dúdú wọ̀nyẹn, nítorí bí àárín rẹ̀ bá ti gbẹ pátápátá, ẹ̀gbẹ́ ike ni omi á máa gbà kọjá láìkan gbòǹgbò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ike náà rì sínú bókẹ́ẹ̀tì omi títí tí kò fi ní hó mọ́. Bí ewé bá ń ṣá láìnídìí, ẹ tẹ́ pépà funfun sábẹ́ ẹ̀ka, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń rìn lórí pépà náà, kòkòrò kéékèèké ìbátan aláǹtakùn tó ń fa oje ewé nìyẹn. Omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára, tí ẹ dojú rẹ̀ kọ abẹ́ ewé léraléra, máa ń lé púpọ̀ nínú wọn lọ.

Wáyà lè wà lára júnípà fún oṣù mélòó kan tàbí ju ọdún kan lọ, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ kì í tètè gba ìrísí tuntun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Níbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ èèpo, àsìkò ti tó. Ẹ má tú u. Ẹ fi ẹnu pílíásì tó ń gé wáyà gé e ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kó já bọ́ fúnra rẹ̀, torí títú ló máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ti fi ọdún kan tọ́. Bí ẹ̀ka bá padà sókè, ẹ fi wáyà tuntun sí i ní ojú ìlà mìíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ọdún tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ gbé e kúrò nínú ike dúdú sínú abọ́ bọ́ńsáì, bí ara rẹ̀ bá le. Ẹ má gbọn gbogbo iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ dànù. Ẹ fi bí ìlàjì sílẹ̀ yí gbòǹgbò ká, kí ẹ mú ìyókù lọ́dún mìíràn. Iyẹ̀pẹ̀ oníhóró tí omi ń tètè ṣàn kọjá nínú rẹ̀, irú bí akadama tí àwọn ará Jàpáánù ń lò tàbí òkúta fúlẹ́fúlẹ́ tí òkè ayọnáyèéfín tú jáde, ló yẹ ẹ́. Ẹ gba wáyà láti ihò ìdí abọ́ wá sókè, kí ẹ fi de ìdí igi náà mọ́lẹ̀ gbọn-in, nítorí gbòǹgbò tuntun máa ń já bí igi bá ń mì nínú atẹ́gùn. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i fún bí oṣù kan. Ẹ má sì gé e mọ́ títí ọ̀mùnú tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lórí gbogbo ẹ̀ka.